Àkùkọ àti Abẹ́ Ìyẹ́ Tíṣà

Àlọ́ mi gbọn ìyẹ́, ó fò, ó lọ bà lé orí Àkùkọ, ọ̀gá iléèwé àwọn ẹyẹ, tí kò níṣẹ́ méjì ju kó máa fọ́nnu lọ.

Ògòngò ọba ẹyẹ ti pàṣẹ pé tíṣà kankan ò gbọdọ̀ gba ọmọ ju èyí tí ìyẹ́ rẹ̀ lè bò lọ. Ṣùgbọ́n bí òbí bá ti mú ọmọ dé báyìí, Àkùkọ a na ọrùn: "Kúkúrúkúù! Iléèwé mi ló kún jù!" A sì ti ọmọ náà sọ́dọ̀ Àgbébọ̀, tíṣà kan ṣoṣo tó ní.

"Ọ̀gá, ìyẹ́ mi ò gbà wọ́n mọ́."

"Tíṣà, ẹ ní kí wọ́n sún mọ́ra."

Wọ́n sún mọ́ra títí, ó wá ku orin tí wọ́n ń kọ dípò ìwé:

Ẹ sún fún mi o!
— Àyè ò sí!
Ìdí mi wà níta!
— Àyè ò sí!

Lọ́jọ́ tí Ògòngò wá bẹ̀ wọ́n wò, Àkùkọ ń fọ́nnu lọ́wọ́ ni òjò ńlá dé. Àwọn ọmọ sá gìrìgìrì wọ abẹ́ Àgbébọ̀. Ògòngò na ìyẹ́ tirẹ̀ bo àwọn tó ṣẹ́ kù. Àkùkọ náà ki orí bọ abẹ́ tíṣà, ìdí rẹ̀ wà níta, òjò ń pa á.

"Ẹ sún fún mi o!"

"Àyè ò sí!"

"Tíṣà, ẹ gbà mí!"

"Ọ̀gá, ẹ ní kí wọ́n sún mọ́ra."

Láti ọjọ́ náà, bí òbí bá mú ọmọ dé, Àkùkọ a kọ́kọ́ wo ìyẹ́ tíṣà kó tó kọ.

Bí mo bá purọ́ nínú àlọ́ yìí, kí òjò tó ń bọ̀ bá mi níta.