Iná Òdìkejì

“Wáyà mẹ́ta ni iná Kérésì yìí ní,” ẹni tó ń tajà sọ. “Kọntírólà tẹ́ ẹ mú yẹn, oníwáyà mẹ́rin ló ń darí. Wọn ò ní gbọ́ra wọn yé, bàbá.”

Káfíńtà gbé kọntírólà náà padà sórí káńtà. “Èwo ni onígbàjámọ̀ òdìkejì ilé mi rà?”

“Èyí ni, pẹ̀lú rìmóòtù ẹ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé òdìkejì ara yín lẹ wà—”

“Òun gan-an ni mo fẹ́. Wá iná tó bá a mu, kó gùn ju tiẹ̀ lọ.”

“Bàbá, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé.”

“Bá mi dì í.”

Ọjọ́ mẹ́fà rèé tí ìyàwó rẹ̀ ti ń dúró lójú fèrèsé nírọ̀lẹ́, tó ń wo ilé onígbàjámọ̀, tó ń rẹ́rìn-ín. Káfíńtà fúnra rẹ̀ ló kan fèrèsé náà.

Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, ó so iná yí òrùlé ká, ó pe ìyàwó rẹ̀ síta, ó sì tẹ rìmóòtù. Iná pupa ń sáré, aláwọ̀ ewé ń lé e.

“Yéè! Ó mà dára o!” Ìyàwó rẹ̀ pàtẹ́wọ́.

Káfíńtà yíjú wò ó. Òdìkejì ló kọjú sí. Níbẹ̀ náà, pupa ń sáré, aláwọ̀ ewé ń lé e. Ó tún rìmóòtù tẹ̀. Ilé méjèèjì di búlúù lẹ́ẹ̀kan náà.

“Ọkọ mi, ẹ wá wo onígbàjámọ̀ yìí!” ni ìyàwó rẹ̀ wí. “Ó tiẹ̀ tún ń bá wa darí tiwa!”