Wọn Ò Tíì Pe Màmá Jàmílàt

Ọdún kẹrin rèé tí nǹkan funfun ti bo ẹyin ojú Bàbá Mùíz. Dókítà tó ń ti Ìbàdàn wá sí ilé ìwòsàn ojú kan ní Èrúwà dá iṣẹ́ abẹ rẹ̀ sí oṣù kẹrin. Kí oṣù kẹrin tó pé, Kòrónà dé, wọ́n sì ti ilé ìwòsàn pa.

Nígbà tí wọ́n tún ṣí i, àwọn nọ́ọ̀sì ní kí àwọn tí ọjọ́ wọn ti kọjá máa yọjú ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bóyá dókítà á wá. Kí oníkálukú wọ ìbòmú. Abẹ́ igi dóńgóyárò ni kí wọ́n jókòó sí, ẹni méjì lórí bẹ́ńṣì kan, ìkángun sí ìkángun.

Bàbá Mùíz gun ọ̀kadà láti Ìdèrè. Bó ṣe ń fọwọ́ wá bẹ́ńṣì, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbá abọ́ ẹ̀gúsí kan.

"Ẹ má bínú," ó ní. "Mi ò ríran dáadáa."

"Ta ló ń ríran níbí?" Ohùn obìnrin ló dá a lóhùn. "Ẹ jókòó. Ẹ rọra, ẹsẹ̀ bẹ́ńṣì yẹn kan ti kán."

Màmá Jàmílàt ni wọ́n ń pè é, opó, ará Lanlate. Ó wọ jígí dúdú. Pupa ìborùn rẹ̀ nìkan ni Bàbá Mùíz rí. Ó ń bó ẹ̀gúsí, ó ń ju èyí tó ti dúdú dànù.

"Wọn ò tíì pe ẹ̀yin náà?" Bàbá Mùíz bi í.

"Wọn ò pè mí. Mo kàn jókòó ni."

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Màmá Jàmílàt gbé ẹ̀pà sísun wá. Bàbá Mùíz rò ó pé ta ni yóò rí òun, ó fa ìbòmú rẹ̀ sí àgbọ̀n. Eyín mẹ́ta ló kù fún un lókè. Ó pẹ́ kó tó jẹ ẹ̀pà mẹ́rin tán. Láti ọ̀sẹ̀ kẹta, mọ́ínmọ́ín ni obìnrin náà ń gbé wá.

Dókítà ò wá. Òjò dá, ọyẹ́ dé.

"Báwo lẹ tilẹ̀ ṣe rí?" Màmá Jàmílàt bi í lọ́jọ́ kan.

"Mo ga, mo sì mọ́ra," Bàbá Mùíz ní. "Eyín mi funfun báláú."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀ pátá."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí tó fi yọ jígí nu ojú. Lọ́jọ́ náà ni Bàbá Mùíz sọ pé òun fẹ́ ẹ. Ó gbà.

Oṣù kejì ọdún tó tẹ̀lé e ni dókítà tó dé. Ó ṣe ojú Bàbá Mùíz. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n tú báńdéèjì, ó rí ewé dóńgóyárò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Láti ojú fèrèsé, ó rí Màmá Jàmílàt lórí bẹ́ńṣì, ìborùn pupa ló fi dá a mọ̀, inú rẹ̀ dùn. Lẹ́yìn náà ó rí ara rẹ̀ nínú dígí tó wà níbi tí wọ́n ti ń fọwọ́. Ojú rẹ̀ ti hunjọ bí èèpo iṣu.

Ó tọ Nọ́ọ̀sì Salome lọ nídìí tábìlì.

"Ọmọ mi, jọ̀wọ́, ìgbà wo ló kan Màmá Jàmílàt?"

"Kí ló dé, Bàbá?"

"Bá mi sún un síwájú. Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa so yìgì wa. Tẹ́ ẹ bá la ojú ẹ̀ kí Jímọ̀ tó dé, ó parí nìyẹn. Ìwọ náà wò mí."

Nọ́ọ̀sì Salome ṣí ìwé ńlá, ó fi ìka wá orúkọ náà kàn, ó sì gbójú sókè.

"Bàbá, kí Kòrónà tó dé la ti ṣe ojú ẹ̀ méjèèjì, oògùn tó kù fún un ló sì wá gbà ní Ìṣẹ́gun àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ jọ jókòó, látìgbà náà, a ò mọ nǹkan tó ń wá wò níbí."