Orúkọ Ìyá Mi

Òfin ilé ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí èmi àti Màmá ń gbé ni pé a ò gbọ́dọ̀ fẹnu kan oúnjẹ àárọ̀ láìkọ́kọ́ sọ Gẹ̀ẹ́sì fún ogún ìṣẹ́jú.

"Àbẹ̀jẹ́, ṣé o sùn dáadáa?" Màmá mi tètè fi oríkì kí mi kí iná mànàmáná tó dé. Lẹ́yìn náà la jókòó kojú síra wa, tí ẹ̀wọ̀n irin kọ̀ọ̀kan wà lọ́rùn wa. Bí mo bá kólòlò, tàbí tí mo bá sọ Yorùbá, Màmá ni iná inú ẹ̀wọ̀n ọrùn rẹ̀ máa gbé. Wọ́n ní ìyẹn ló ń tètè fúnni ní ìgboyà.

Ohùn kan láti inú ògiri ní kí n kí Màmá bí Òyìnbó ṣe ń kí ọ̀rẹ́: kí n má kúnlẹ̀, kí n wò ó lójú, kí n pè é lórúkọ.

Ta ló ń pe ìyá tó bí i lórúkọ? Mo la ẹnu, mo ń kólòlò. Iná gbé Màmá, orí rẹ̀ gbá ògiri, eyín kan bọ́ sílẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú!"

Yorùbá ni mo fi ké. Iná tún gbé e, ẹ̀jẹ̀ sì bo àyà rẹ̀.

Mo wò ó lójú. "Morádéyọ̀!" Mo wá fi Gẹ̀ẹ́sì bi í bóyá ara rẹ̀ le, bí ẹni ń bi ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ògiri pàtẹ́wọ́ fún mi.

Màmá nu ẹnu. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì tó já geere sọ pé ara òun le, ó sì bi mí pé kí ni orúkọ tèmi.

Kò rẹ́rìn-ín; ó ń wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí.