Orúkọ Tó Wà Lórí Kóòdù

"Yọ orúkọ ọkùnrin yìí kúrò," lọ̀gá sọ fún obìnrin tó ń kọ áàpù wọn.

"Sà, kóòdù rẹ̀ la mú mọ́ tiwa. Ọ̀fẹ́ ló fún gbogbo ayé. Ó kàn ní ká má yọ orúkọ òun ni."

"Tó bá ń bínú, kó wá bá mi níbí!"

"Kò lè wá, sà."

"Ó parí! Kí lo tún ń wò?"

Obìnrin náà yọ orúkọ náà.

Nígbà tó délé, ọmọ rẹ̀ ti ń tú áàpù tuntun náà wò.

"Mọ́mì, ṣebí níbi ìsìnkú Dádì lẹ ti sọ pé ibi tí kóòdù wọn bá dé, orúkọ wọn á débẹ̀? Mi ò rí i o."

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni ò dáa, ọmọ mi. Tó bá dọ̀la, wàá rí i."