Omi Ìyá Akàn

Ẹ gbọ́ àlọ́ o! Ààlọ̀! Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé Lékeléke, àlejò ọdọọdún, lórí.

Ìlú méjì ló máa ń yà sí láàárín ọ̀sà: erékùṣù àwọn Akàn àti erékùṣù àwọn Ọ̀pọ̀lọ́. Bó bá dé ọ̀dọ̀ Ìyá Akàn, arúgbó náà á fẹ̀gbẹ́ rìn lọ sí ìsun, á pọn omi tútù wá fún un. Lékeléke á mu ún tán, á nu ẹnu, á ní, "Ìyá, ẹ ò bá gbọ́ orin àwọn Ọ̀pọ̀lọ́!" Bó bá dé ọ̀dọ̀ àwọn Ọ̀pọ̀lọ́, wọ́n á kọrin fún un títí ọ̀fun wọn á fi gbẹ, á ní, "Kò sí omi tó dà bíi ti Ìyá Akàn."

Lọ́dún kan, ó dé ọ̀dọ̀ àwọn Akàn, kò rí omi. Ìyá Akàn ti kú. Ọ̀pọ̀lọ́ kan tó wá bá wọn kẹ́dùn ń sọ pé, "Omi ìyá yín ni Lékeléke máa ń ròyìn fún wa."

Ọmọ olóògbé yíjú sí Lékeléke: "Àbí? Títí ìyá wa fi kú, ohun tí wọ́n ń bi wá ni pé, 'Ṣé omi mi korò ni?'"

Àwọn Akàn bá dárin:

Lékeléke, ta lo yìn ín fún?
Ó mà ṣe o!
Ará òkèèrè lo yìn ín fún.
Ó mà ṣe o!
Ẹni tó pọnmi ò gbọ́.
Ó mà ṣe o!

Etí omi ni àlọ́ mi parí sí, níbi tí Lékeléke ti tẹrí ba dòní, tó ń yin omi fún omi.