Ẹkún Maren

Yunifásítì tó ṣòro láti wọ̀ jù ní Amẹ́ríkà ti gba Maren.

Ìyá rẹ̀ ń jó ní kíṣìnì. Maren ń sunkún.

"Ẹkún ayọ̀ ni," ni ìyá rẹ̀ ń wí.

Odalys, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó máa ń gba ipò kìíní ní kíláàsì wọn, gbé kéèkì wọlé.

"Ọ̀rẹ́ mi, o ṣe é! Dákẹ́ jàre."

"Ìwọ náà ì bá wọlé."

"Èmi kẹ̀? Ṣebí mo gbé máàkì mi sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo ní ṣé wọ́n lè gbà mí. Ẹnì kan tí mi ò mọ̀ rí kọ èsì pé kí n má wulẹ̀ dán an wò. Ni mi ò bá gba fọ́ọ̀mù mọ́."

Maren di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Odalys, èmi ni mo kọ èsì yẹn. Mo mọ̀ pé ìwọ ni wọ́n máa mú dípò mi."