Ewé Ọsàn Wẹ́wẹ́ Ilé Méjì

Ohun tó kù kí Sàídì tó fẹ́ Morẹ́nikẹ́ ní ọdún 1994 kò ju kí àgbà méjì sọ pé ó dáa lọ. Ọ̀kan ni Baba Fàsásì, bàbá Sàídì, tó ń rán fìlà ní Ọjà'ba. Èkejì ni Àlájà Sìdí, ìyá àgbà tó tọ́ Morẹ́nikẹ́ dàgbà. Pópó Yemọja ni ilé àwọn méjèèjì, ojúde kan ló wà láàárín wọn.

Àlájà ló kọ́kọ́ ní kí wọ́n ní sùúrù. Ó gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀ pé ẹni tó tẹ ilé Oníkòkò tiwọn dó àti ẹni tó tẹ ilé Aláró ti Baba Fàsásì dó jẹ́ ọmọ ìyá kan, pé ìdí igi ọsàn wẹ́wẹ́ kan ni wọ́n ti pínyà, kálukú sì hú ọmọ igi náà dání. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kan náà ni àwọn ọmọ wọn, wọn kò gbọdọ̀ fẹ́ra.

Baba Fàsásì ní irọ́ ni. "Àlájà, ọsàn tiwa lómi. Tiyín, ẹ̀gún ló fi yó."

"Fàsásì, ta ló ń fún ọ lọ́sàn nígbà tí ikọ́ ń ṣe ọ́ léwe?"

Lèmọ́mù dá sí i. Ó ní bí wọ́n tilẹ̀ jẹ́ ìbátan, ẹ̀sìn kò kọ̀ ọ́. Àlájà ní Mẹ́kà lòun lọ, wọn ò bí òun síbẹ̀.

Àárín ọ̀rọ̀ yìí ni Ọ̀gbẹ́ni Adégòkè dé. Yunifásítì ló ti wá, ó ń já ewé ọsàn wẹ́wẹ́ láti agbo ilé dé agbo ilé. Ó ní ọsàn wẹ́wẹ́ lè jọra nínú agbọ̀n kó má jọra nínú ẹ̀jẹ̀, ó sì dáa bẹ́ẹ̀, torí bí gbogbo wọn bá jẹ́ ẹ̀yà kan, àìsàn kan ṣoṣo ló máa pa wọ́n tán. Ẹ̀rọ tó máa fi yẹ̀ wọ́n wò wà níbi iṣẹ́ rẹ̀.

"Ṣé ẹ̀rọ yín lè mọ igi tó bára tan?" Àlájà bi í.

"Ó lè mọ̀ ọ́n, mà."

"Ó parí. Bí igi bá bára tan, àwọn ọmọ bára tan. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n máa ṣèyàwó wọn lọ."

Adégòkè ní ọ̀tọ̀ ni igi, ọ̀tọ̀ ni èèyàn. Wọ́n fún un ní àga, wọ́n bu omi fún un, wọ́n sì sọ fún un pé kò sẹ́ni tó bi í léèrè ìyẹn. Àgbà méjèèjì búra lójú ẹbí pé ohun tí ewé bá sọ labẹ gé.

Adégòkè dìde pé kóun lọ já a. Baba Fàsásì ní ẹ̀yìnkùlé ni igi wà, àwọn obìnrin ń wẹ̀ níbẹ̀. Sàídì ní kóun lọ já a. Àlájà yọ ṣùtì sí i.

"Ọmọ tí ìfẹ́ ń pa! Ewé máńgòrò lo máa já wá. Àwa àgbà la máa fọwọ́ ara wa já a. Ó di àárọ̀ ọ̀la."

Lọ́jọ́ kejì, Adégòkè jókòó títí oòrùn fi mú. Baba Fàsásì ló kọ́kọ́ yọ, láti ojú títì. Ewé wà nínú fìlà rẹ̀, eruku sì gùn ún dé orúnkún. Kò pẹ́ ni Àlájà náà dé, ó ń mí gúlegúle, ó di ewé tirẹ̀ mọ́ etí ìró.

"Àwọn ewé yìí ti rọ díẹ̀," ni Adégòkè wí.

"Oòrùn àdúgbò wa le," ni Baba Fàsásì fèsì.

"Ó le gan-an," ni Àlájà wí. Ẹnu ya gbogbo èèyàn pé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì bára mu.

Adégòkè kó ewé náà lọ sí yunifásítì. Bí wọ́n ṣe ń retí èsì, Sàídì kò lè jẹun, Morẹ́nikẹ́ kò lè sùn. Ṣùgbọ́n Baba Fàsásì ti bẹ̀rẹ̀ sí í rán fìlà ìyàwó, Àlájà sì ti kó aṣọ òkè jáde nínú àpótí, ó sá a sóòrùn. Ó tilẹ̀ ń kọrin.

Nígbà tí Adégòkè padà wá, ó lejú koko. Ó ní òun yẹ ewé Bẹẹrẹ wò, òun yẹ ti Òkè Màpó wò, kò sí agbo ilé méjì tí tiwọn dọ́gba.

"Àfi tiyín. Wọn ò tiẹ̀ bára tan. Igi kan náà ni."

"Igi kan náà bí i báwo?"

"Bí ẹ ṣe jẹ́ Àlájà láàárọ̀, tí ẹ tún jẹ́ Àlájà lálẹ́."

Fìlà bọ́ lọ́wọ́ Baba Fàsásì. Àlájà figbe ta: "Irọ́ ni! Irọ́ gbuu!"

"Ṣebí ohun tí ẹ ti ń sọ látìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn, mà?"

Wọ́n ti búra, kò sẹ́ni tó lè yẹ̀ ẹ́. Wọ́n tú ètò ìyàwó ká. Sàídì ti ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ pa, ó dojú bolẹ̀, ó ń sunkún bí ọmọdé. Morẹ́nikẹ́ kò bá ìyá àgbà rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ló yanu, ó ní, "Ẹ ti rí ohun tí ẹ fẹ́," ọ̀rọ̀ náà sì dun Àlájà dé egungun.

Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ̀, Àlájà rọra gun Òkè Padre, ó lọ sí ìdí igi ọsàn wẹ́wẹ́ tó wà lẹ́yìn ilé onígbàgbọ́ kan, níbi tí kò sí ará mọ́ṣáláṣí tó rí i nígbà tó lọ já ewé tó kó fún Adégòkè dípò ti ẹ̀yìnkùlé wọn, nítorí pé kò lè fara da ẹkún Morẹ́nikẹ́, àfi bó ṣe bá Baba Fàsásì lábẹ́ igi náà, tó nàka sí igi, tó ń jágbe mọ́ ọn pé: "Ìwọ igi yìí, lẹ́yìn èmi, ta lo tún fún léwé?"